Ṣé Ọmọ Yunifásítì Lè Fi Àtúnṣe Ìlú Ṣe Iṣẹ́ Òòjọ́?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ènìyàn ní Kpankou, ní agbègbè Kétu, orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sọ Fọ̀n àti Màhì nílé, ọ̀rọ̀ òní kàn yín bó ṣe kan ọmọ Kétu. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ti Kétu, Àjàṣẹ́ àti Abomey-Calavi wá, ẹ̀yin lọ̀rọ̀ yìí ń bá wí gan-an, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ má gbà á bí ìwàásù. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ bá mi jiyàn níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá ti dúró.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Ẹni tó bá jáde ní yunifásítì, ṣé ó lè fi àtúnṣe ìlú ṣe iṣẹ́ òòjọ́, kó máa jẹun níbẹ̀, kó fi tọ́mọ, kí ìlú sì rí àǹfààní rẹ̀ ní tòótọ́? Ìdáhùn mi ni pé ó lè ṣe é. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbà pé iṣẹ́ ni: ó ní ìmọ̀ tí a ń kọ́, ó ní owó ọ̀yà, ó sì ní ẹni tí a ń jíhìn fún. Mo tún fi kún un pé ìgbèríko bíi tiwa yìí ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù lónìí, ju Kútọnu tí gbogbo ọ̀dọ́ ń sá lọ.

Kìíní: Kí ni à ń pè ní àtúnṣe ìlú?

Òkè Kétu yìí ga, omi inú ilẹ̀ rẹ̀ sì jìn. Àìrómi ti ń bá àwọn baba ńlá wa fínra láti ìgbà pípẹ́. Omi òjò ni wọ́n ń tọ́jú pamọ́, àwọn obìnrin sì ń rìn jìnnà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹni tó bá gbé ọkọ̀ omi wá bá wa nínú oṣù kejì ọdún ṣàánú wa. Ẹni tó bá gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ fún wa ta wá lọ́rẹ. A ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ náà bá bàjẹ́ ní ọdún kẹta, tí kò sẹ́ni tó mọ ọwọ́ tí owó omi wà, tí a kò mọ ibi tí wọ́n ti ń ta irin tó ṣẹ́, a jẹ́ pé ohun tó ń fa àìrómi ṣì wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Àtúnṣe bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ẹnìkan bá bá ìlú jókòó títí wọ́n fi fẹnu kò lórí iye tí a ó máa san lórí garawa kan, ẹni tí yóò tọ́jú owó náà, ìwé tí yóò máa kọ ọ́ sí, àti mẹkáníìkì tí a ó máa ránṣẹ́ pè. Ìtumọ̀ tí mo fẹ́ ká dì mú títí ọ̀rọ̀ yìí yóò fi parí nìyí: àtúnṣe ìlú ni yíyí ètò tó ń bí ìṣòro padà, débi pé ìṣòro náà kò ní tún yọjú nígbà tí olóore bá ti lọ.

Bí a bá gba ìtumọ̀ yìí, àmì mẹ́ta tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan máa ń tẹ̀lé e. Àkọ́kọ́ ni ìmọ̀. Inú rere nìkan kò lè kọ ìwé owó ìgbìmọ̀ omi, kò sì lè mọ ìdí tí omi kànga kan fi níyọ̀ tí ti ẹlòmíràn kò ní. Èkejì ni owó ọ̀yà. A kì í sọ fún dókítà pé nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ń gbẹ̀mí là, kó má gbowó oṣù. Kí ló dé tí a fi ń sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣètò omi tí kò ní jẹ́ kí ọmọ ṣàìsàn rárá? Ẹ̀kẹta ni ìjíhìn, òun ni mo sì kà sí pàtàkì jù. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ àánú kò jẹ wá ní àlàyé kankan, nítorí ohun tirẹ̀ ló fún wa. Ẹni tó ń fi àtúnṣe ṣiṣẹ́ jẹ wá ní àlàyé, ìlú sì lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í pé: kí lo ṣe, èló lo ná, kí ló yí padà? Ibi tí ìjíhìn kò bá sí, a kì í mọ ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àti oníjìbìtì.

Èkejì: Ilẹ̀kùn tó ti, àti èyí tó ṣí

Àwọn òbí wa kò ṣàṣìṣe nígbà tí wọ́n rán wa lọ sí yunifásítì kí a lè rí iṣẹ́ ìjọba. Ní ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì àkọ́kọ́ orílẹ̀-èdè yìí sílẹ̀ ní Abomey-Calavi. Fún ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà, ẹni tó bá gba ìwé ẹ̀rí jáde mọ̀ pé ìjọba ni yóò gbà á. Nígbà tó fi di òpin àwọn ọdún 1980, àpò ìjọba ti gbẹ, àwọn báńkì rẹ̀ ti dẹnu kọlẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ ń ka oṣù láìrí owó. Ní ọdún 1989, ọdún tí ìjọba tọwọ́ bọ àdéhùn pẹ̀lú Báńkì Àgbáyé àti IMF láti dín ìnáwó kù, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ daṣẹ́ sílẹ̀. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ yẹn wà lára ohun tó fa Àpérò Orílẹ̀-èdè ti oṣù kejì ọdún 1990 ní Kútọnu, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza darí, tí Albert Tévoédjrè sì jẹ́ olùkọ ìjábọ̀ àgbà rẹ̀. Ní ọjọ́ 11 oṣù Ọ̀pẹ ọdún yẹn ni òfin ìpìlẹ̀ tuntun jáde.

Ohun tí a kì í sábà fiyè sí ni pé ìdààmú tó ti ilẹ̀kùn iṣẹ́ ìjọba náà ló ṣí ilẹ̀kùn mìíràn. Ẹgbẹ́ dídá sílẹ̀ di òmìnira gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn náà ni ìdìbò kọ̀múùnù àkọ́kọ́ wáyé ní ìparí ọdún 2002 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2003, tí kọ̀múùnù 77 sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan olórí ara wọn. Òfin fi kíkọ́ àti títún ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe lé kọ̀múùnù lọ́wọ́, pẹ̀lú omi mímu, ọjà, ìwé ìbí àti ìwé òkú, ó sì ní kí kọ̀múùnù kọ̀ọ̀kan ní ètò ìdàgbàsókè tirẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ronú sí i. Ta ni yóò ka iye kànga tó ń ṣiṣẹ́ ní Kpankou kí wọ́n tó kọ ètò náà? Ta ni yóò ṣàlàyé ìṣirò owó kọ̀múùnù fún àwọn tó ń san owó ọjà? Ta ni yóò tẹ̀lé iléeṣẹ́ tó gba iṣẹ́ kíláàsì mẹ́ta títí yóò fi parí rẹ̀? Gbogbo èyí ń béèrè ẹni tó kàwé, tó sì mọ ìlú. Iṣẹ́ ìlú kò tán. Ó kúrò ní Kútọnu, ó wá sí ẹnu ọ̀nà wa.

Ẹ̀kẹta: Iṣẹ́ wo gan-an?

Ibí ni mo fẹ́ ká dúró pẹ́ díẹ̀, nítorí àìdárúkọ iṣẹ́ ló ń sọ ọ̀rọ̀ yìí di àlá. Ẹ jẹ́ ká mú àwọn obìnrin tó ń yan gàrí. Kálukú wọn ló ń ta tirẹ̀, oníṣòwò tó ti ìlú ńlá wá ló sì ń dá iye lé e. Ní ọjọ́ 15 oṣù Ọ̀pẹ ọdún 2010, ní Lomé, àwọn orílẹ̀-èdè OHADA, àjọ tó ń so òfin òwò àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà kan pọ̀, ṣe òfin kan náà lórí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Òfin yẹn sọ pé ènìyàn márùn-ún péré tó láti dá ẹgbẹ́ kékeré sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ bá ti forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, ó lè tọwọ́ bọ àdéhùn lórúkọ ara rẹ̀, ó lè ṣí àkáǹtì, ó lè yáwó ní báńkì, ó lè kó gàrí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ jọ tà lẹ́ẹ̀kan. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ní ìlànà tí a kọ sílẹ̀, ìwé àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìpàdé gbogbogbò lọ́dọọdún, àti ìṣirò owó. Ìyá tó ti ń yan gàrí láti àfẹ̀mọ́júmọ́ kò lè dá gbogbo ìyẹn ṣe. Akẹ́kọ̀ọ́jáde tó kọ́ òfin tàbí ìṣirò owó lè ṣe é fún ẹgbẹ́ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan máa san owó tí agbára rẹ̀ ká látinú èrè. Iṣẹ́ nìyẹn: ìmọ̀ wà níbẹ̀, owó ọ̀yà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin náà sì lè lé e lọ bí ìṣirò rẹ̀ kò bá pé.

Ilẹ̀ ńkọ́? Gbogbo wa la mọ bí títà ilẹ̀ ṣe gbòde ní agbègbè Kétu. Bàbá ta ilẹ̀ láìkọ̀wé, ọmọ tún un tà, àwọn ọmọ-ọmọ wá ń ti ilé ẹjọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2013 fi ìgbìmọ̀ ilẹ̀ sí abúlé, ó sì fi ìwé ẹ̀rí lélẹ̀ fún ẹni tó ni ilẹ̀ nípa ìṣẹ̀ǹbáyé. Òfin dára, ṣùgbọ́n òfin kì í fẹsẹ̀ rìn wá bá àgbẹ̀. Ẹnìkan ni yóò rìn yí oko ká pẹ̀lú àwọn àgbà, tí yóò ya àwòrán ààlà, tí yóò ka òfin náà sókè ní Yorùbá, tí yóò sì rí i pé orúkọ àwọn ọmọbìnrin tó lẹ́tọ̀ọ́ sí ogún kò sọnù nínú ìwé. Ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ilẹ̀ tàbí òfin lè fi èyí ṣe iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ìbí. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìforúkọsílẹ̀ àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè ní RAVIP ní ọdún 2017, ó hàn sí gbogbo ayé pé ọ̀pọ̀ ènìyàn lórílẹ̀-èdè yìí ni kò ní ìwé ìbí kankan. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí máa ń rí ìdààmú bó bá di ọjọ́ ìdánwò àṣekágbá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Bó bá dàgbà, kò ní lè dìbò, kò ní lè gba ìwé ìrìnnà. Ká tó wá dé ọ̀rọ̀ ìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà: nínú àwọn àgbàlagbà orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, àwọn tó lè kàwé kí wọ́n sì kọ ọ́ kò tó ìdajì. Ìwé tí à ń sọ lórí omi, lórí gàrí, lórí ilẹ̀, ta ni yóò kà á? Akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ èdè tó lè kọ́ àgbà ní kíkà Yorùbá, Fọ̀n tàbí Màhì wúlò fún gbogbo iṣẹ́ yòókù tí mo ti kà sílẹ̀.

Yunifásítì Àgbẹ̀ sì wà nítòsí. Ọdún 2013 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Kétu, ó sì di Université Nationale d'Agriculture ní ọdún 2016. Kí àgbàdo má baà hu nínú àká, kí ẹ̀gẹ́ má baà jẹrà lóko nítorí pé ọkọ̀ kò wá, ìyẹn ni ìmọ̀ tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ohun tó kù ni kí ìmọ̀ náà rìn ìwọ̀nba ọ̀nà tó wà láàárín Kétu àti oko Kpankou.

Ẹ̀kẹrin: Ẹ̀rí àwọn tó ti ṣe é

Ẹnìkan lè sọ pé àbá ni gbogbo èyí. Rárá o. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 1925, ní Lọ́ńdọ̀nù, Ládípọ̀ Ṣólańkẹ́, ọmọ Abẹ́òkúta tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Àwọn onílé ìlú yẹn kì í fẹ́ gba èèyàn dúdú sílé. Láti 1929 sí 1932, Ṣólańkẹ́ rìn yí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ká, ó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ará ilé, nígbà tó sì di 1933 wọ́n ṣí ilé ibùgbé tiwọn. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà kó tó kú ní 1958. Ẹ fiyè sí ibi tí owó náà ti wá: ọ̀dọ̀ àwọn tí ẹgbẹ́ náà ń ṣiṣẹ́ fún ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi lè sọ òótọ́ sí ìjọba amúnisìn lójú. Ní 1950, nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Áfíríkà ní Faransé dá ẹgbẹ́ FEANF sílẹ̀, obìnrin ọmọ Dàhòmì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, Solange Faladé, ni wọ́n fi ṣe ààrẹ àkọ́kọ́. Mo dárúkọ rẹ̀ fún àwọn òbí tó ṣì rò pé ọmọkùnrin nìkan ni irú iṣẹ́ yìí yẹ.

Ọ̀nà jíjìn tún ní ẹ̀rí kan tó bá wa mu. Ní ọdún 1976, Muhammad Yunus, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀ ajé ní Yunifásítì Chittagong ní Bangladesh, àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wọ abúlé Jobra tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà wọn, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ àwọn tálákà iye tí gbèsè wọn jẹ́. Ènìyàn 42 ni wọ́n rí. Gbogbo owó tó ń dè wọ́n mọ́lẹ̀ kò ju dọ́là 27 lọ. Láti inú ìbéèrè yẹn ni Báńkì Grameen ti jáde, tí òun àti Yunus fi gba ẹ̀bùn Nobel ní 2006. Ìbéèrè ló ṣáájú owó.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni Songhaï ní Àjàṣẹ́. Godfrey Nzamujo, àlùfáà Dominican ọmọ Nàìjíríà, fi iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì dá ibùdó náà sílẹ̀ ní 1985 lórí ilẹ̀ kékeré kan. Níbẹ̀, ìgbẹ́ ẹran ń di gáàsì ìdáná, ìdin tó ń jáde lára ìdọ̀tí ń bọ́ ẹja, omi ẹja ń bomi rin ẹ̀fọ́. Wọ́n ń kọ́ ọ̀dọ́ níṣẹ́ àgbẹ̀, wọ́n sì ń ta ohun tí wọ́n ń mú jáde. Ohun tí Songhaï fi hàn ni pé iṣẹ́ àtúnṣe lè máa pa apá kan lára owó tó ń gbé e ró, kì í ṣe dandan kó máa na ọwọ́ nígbà gbogbo.

Ẹ̀karùn-ún: Àwọn tó takò ó

Àtakò tó le jù ni ti ebi, mi ò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Òbí tó ta ilẹ̀ kó lè san owó ilé ẹ̀kọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ìgbà tí owó yóò wọlé. Òótọ́ ni pé owó iṣẹ́ yìí kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, àti pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ tó ń gba owó òkèèrè kì í ju ọdún méjì tàbí mẹ́ta lọ kí àdéhùn tó parí. Ohun tí mo lè fi dáhùn ni pé kí ọ̀dọ́ má gbé gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀ lé orísun owó kan ṣoṣo. Owó oṣù wà ní ọ́fíìsì kọ̀múùnù àti ní ibùdó ìtọ́jú àwùjọ ti ìjọba. Owó ọ̀yà wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Owó àdéhùn wà lọ́wọ́ àwọn ẹgbẹ́ aláàánú. Oko wà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó ní ìmọ̀ kan pàtó lè gba méjì nínú wọn pọ̀. Ẹni tí kò bá ní ju ìwé ẹ̀rí lọ, tó kàn ń sọ pé òun fẹ́ ran ìlú lọ́wọ́, òun ni ebi yóò pa, kò sì sí ìjọba tó lè gbà á sílẹ̀.

Àtakò kejì sọ pé ẹni tó bá ń gba owó òyìnbó, ohun tí òyìnbó fẹ́ ni yóò máa ṣe. Ewu yìí wà. A ti rí ètò tó bá ìròyìn ọdọọdún olówó mu, tí kò bá àìní abúlé mu. Ìjíhìn ni oògùn rẹ̀: kí a ka ìròyìn iṣẹ́ náà ní gbangba ní Kpankou kó tó lọ sí òkèèrè, kí ará ìlú sì lè sọ pé irọ́ ni.

Ẹ̀kẹta ni àwọn tó sọ pé iṣẹ́ yìí kò nílò yunifásítì rárá, wọ́n sì ní ẹlẹ́rìí tó lágbára. Grégoire Ahongbonon, ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n bí ní abúlé kan nítòsí ààlà Nàìjíríà, kò lọ yunifásítì. Táyà ló ń tún ṣe ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Òun ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú àwọn alárùn ọpọlọ tí wọ́n so mọ́ igi sílẹ̀, tó dá ẹgbẹ́ Saint Camille sílẹ̀, tí àwọn ibùdó rẹ̀ fi dé orílẹ̀-èdè wa níbí. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin náà gidigidi, n ò sì ní sọ pé ìwé ló ń fún èèyàn ní irú ọkàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n tú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ náà. Aláìsàn nílò oògùn tó péye, nọ́ọ̀sì tó mọ ìwọ̀n rẹ̀, dókítà tó ń bẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tó ń kọ ìwé rẹ̀, àti ẹni tó ń bá ẹbí sọ̀rọ̀ kí wọ́n lè gbà á padà sílé. Ọkàn oníṣẹ́ táyà ló ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ àwọn tó kàwé wà lára ohun tó jẹ́ kó wà ní ṣíṣí. Ẹ̀rí wọn gbè mí lẹ́yìn ju bí wọ́n ṣe rò lọ.

Àwọn kan á ní kí a kàn ṣe bíi Nàìjíríà, tó ń rán ọmọ yunifásítì lọ sìn ìlú fún ọdún kan láti 1973. Ọdún kan dára fún ìmọ̀lára. Kò tó láti mọ ẹni tó ń tọ́jú owó omi.

Ẹ̀kẹfà: Ibi tí a lè gbà bẹ̀rẹ̀

Àbá mi kò gba owó púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń parí ẹ̀kọ́ ní yunifásítì ló ń kọ ìwé ìwádìí, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ sì ń jókòó sí ibi ìkówèésí tí ẹnikẹ́ni kò ní ṣí i wò mọ́. Mo dábàá pé lọ́dọọdún, kí ìgbìmọ̀ àwọn àgbà, àwọn obìnrin ọjà àti ọ́fíìsì kọ̀múùnù jókòó, kí wọ́n kọ ìbéèrè tí Kpankou fẹ́ kí wọ́n wá ìdáhùn sí: ìdí tí kànga kan fi dákẹ́, iye tí gàrí ń mú wá láàárín oko àti ọjà, iye ọmọ tí kò ní ìwé ìbí ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí yunifásítì Kétu àti ti Abomey-Calavi. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá gba ìbéèrè kan, kí ìlú fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ, kí kọ̀múùnù san owó ọkọ̀ rẹ̀. Thomas Moulero, ọmọ Kétu tó di àlùfáà Kátólíìkì àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì ní 1928, gba ìtàn Kétu sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà. Bíbéèrè lọ́wọ́ ará ilé kí a sì kọ ọ́ sílẹ̀ kì í ṣe àjèjì níhìn-ín.

Májẹ̀mú kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kó wà nínú rẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó lọ gbèjà ìwé rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, kó kọ́kọ́ dé iwájú wa, kó ka ohun tó rí ní Yorùbá, kí ẹnìkan sì tú u sí Fọ̀n àti Màhì, kí àwọn tó fún un ní ìdáhùn bi í léèrè ohun tí kò yé wọn. Bí ìṣirò rẹ̀ bá bá ohun tí ìlú mọ̀ mu, kí kọ̀múùnù fi orúkọ rẹ̀ sí ipò àkọ́kọ́ nínú àwọn tí a ó pè nígbà tí iṣẹ́ náà bá délẹ̀, kí a sì kọ iye owó oṣù rẹ̀ sínú ìṣirò ọdún tó ń bọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.